Ẹ̀wà Bódìjà àti Fóònù Ọ́fíìsì

Ní Ìbàdàn níbí, irọ́ fóònù kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ síbi tí o kò fẹ́ lọ, o kì í sọ fún àgbàlagbà pé o kò wá, ìwọ̀sí ni. Wàá ní bátìrì ti kú. Wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ní Agbowó lánàá. Ẹni tí ò ń sọ ọ́ fún mọ̀ pé bátìrì kò kú, ìwọ náà mọ̀ pé ó mọ̀, ẹ ó sì jọ kí ara yín ní pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ bá àwọn ènìyàn lò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí fóònù fúnra rẹ̀ máa gbọ́.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìtajà oògùn àti ilé ìwòsàn ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì wa wà ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í sábà sí níbẹ̀. Rírìn ni iṣẹ́ tèmi: Ring Road láàárọ̀, Challenge lọ́sàn-án, Bódìjà nírọ̀lẹ́, kí n máa wo ohun tó kù lórí pẹpẹ wọn, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n kó fóònù tuntun fún gbogbo àwa tí à ń rìn káàkiri, wọ́n ní inú rẹ̀ ni kí a máa kọ ọ́ sí.

Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Fóònù ńlá, ojú rẹ̀ ń dán. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo fi tèmi àtijọ́ ta obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́rẹ, mo yọ káàdì mi, mo tì í bọ inú tuntun. Èmi rò pé wọ́n fún mi ní fóònù ni. Ọkùnrin tó ń mójú tó àwọn ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ń hu ewú, tó sì máa ń wọ súwẹ́tà nínú ooru, ṣàlàyé fún wa pé sọ́fítíwíà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń darí gbogbo fóònù ilé-iṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní Dùgbẹ̀. Ó ṣàlàyé títí. Mo ń mi orí. Ohun tó yé mi nínú rẹ̀ kò ju “ẹ tẹ ibí, mà, kí ẹ gbà” lọ. Mo tẹ ibẹ̀. Mo gbà.

Láti ọjọ́ náà ni fóònù yìí ti ń ṣe sí mi bí àlejò tó dé tó wá di onílé. Mo fẹ́ gba ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wa sórí rẹ̀, ó ní ilé-iṣẹ́ mi kò fọwọ́ sí i. Ó ní kí n máa yí nọ́ńbà tí mo fi ń ṣí i padà lóṣooṣù, n kò sì gbọ́dọ̀ lo èyí tí mo ti lò rí. Mo lo ọjọ́ ìbí mi, mo lo ti ìyá mi, mo lo ọjọ́ tí wọ́n rì mí bọmi, títí ọjọ́ pàtàkì ayé mi fi tán, tí mo wá ń lo ọjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Lójú rẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò: ilé-iṣẹ́ rẹ ló ni ẹ̀rọ yìí. Mo máa ń kà á, inú á bí mi díẹ̀, n ó sì gbàgbé. Ta ló ń bá àkọlé ara ògiri jà?

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló sọ fóònù náà di nǹkan mìíràn mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi nìkan ni wọ́n bí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń gbé ní Agbowó. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fẹ̀yìn tì lára wọn. Kò sí ohun tí wọ́n kórìíra tó kí ènìyàn ṣi ọ̀rọ̀ sọ lójú wọn. Bí o bá sọ̀rọ̀ tí o fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun pe Ọjọ́rú, wọn ò ní jẹ́ kí o parí ìtàn rẹ kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí mo bá sì ti jáde nílé láàárọ̀ báyìí, ohùn wọn á tẹ̀lé mi. Wọn kò fẹ́ràn láti máa tẹ ọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn di ojú fóònù tiwọn mú, wọ́n á máa sọ ọ́, wọ́n á sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí mi. Ṣé mo mú agbòjò? Obìnrin òkè odò ti bímọ, ọmọ náà jọ baba rẹ̀, ó mà ṣe o. Kí n má gbàgbé ọṣẹ. Nígbà mìíràn mo máa ń jẹ́ kí mẹ́rin márùn-ún jọ kí n tó gbọ́ wọn. Nígbà mìíràn n kì í tilẹ̀ gbọ́ wọn parí. Ó dùn mí láti kọ ìyẹn sílẹ̀.

Balùwẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Fóònù tiwọn wà lọ́wọ́ wọn. Inú bàkẹ́ẹ̀tì omi ló bọ́ sí, kò jí mọ́. Ìyá mi jí. Ẹsẹ̀ padà, ọwọ́ padà díẹ̀díẹ̀, ohùn kò padà. Wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, wọ́n mọ̀ wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ya ẹnu, èémí nìkan ló ń jáde. Ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ tọ́ ọmọ ọlọ́mọ sọ́nà ní gbogbo ayé rẹ̀ wá ń fi ìka tọ́ka sí ife omi.

Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò bi mí bóyá mo ní ohùn wọn níbì kan. Mo ní mo ní in, ó pọ̀. Ó ní kí n máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí etí wọn máa rán ẹnu wọn létí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n ó gbé àga sún mọ́ tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, n ó tan ohùn sílẹ̀, ìyá mi á sì máa tẹ́tí sí ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá, kò sí nǹkan. Nígbà tó ṣe, ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ohùn náà. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètè náà mọ ibi tí ó ń lọ. Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn Àlájà, aládùúgbò wa tó máa ń jókòó tì wọ́n bí mo bá lọ síṣẹ́, kí ó wá wò ó.

Àlájà wò ó, ó yin Ọlọ́run, ó wá yíjú sí mi. “Àǹtí, ẹ wá nǹkan míì da ohùn yìí sí o. Nǹkan tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má fọkàn tán an.”

Mo gbìyànjú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fóònù ní ilé-iṣẹ́ mi kò gbà kí nǹkan ti inú rẹ̀ jáde. Mo ní n ó bi ọkùnrin oní-súwẹ́tà léèrè. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Aládùúrà ni wá. Wòlíì wa ní kí n wá fi ọjọ́ mẹ́ta gbàdúrà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ohùn ìyá mi, láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, kò sí fóònù. Àlájà ní kí n máa lọ, òun á wà pẹ̀lú wọn. Mo gba àyè ọjọ́ Ẹtì níbi iṣẹ́. Mo ní mo fẹ́ gbé ìyá mi lọ rí dókítà. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá wa, obìnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí n jọ̀wọ́ wá sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n wá kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́. Ó bẹ̀ mí gan-an. Mo rí i, n kò fèsì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo ti gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tún sọ pé n kò wá lọ́jọ́ kejì? Kí n wá ní àdúrà ni, kí ó máa wò mí bí ẹni tí kò ka iṣẹ́ sí?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo yá fóònù Àlájà. Mo kọ ọ́ sí ọ̀gá wa pé: “Ẹ kú àárọ̀ mà. Fóònù mi sọnù ní Dùgbẹ̀ lánàá. Mo ṣì ń wá a. N ó rí yín lọ́jọ́ Ajé.” Irọ́ kékeré ni, irọ́ ọlọ́wọ̀. Mo pa fóònù mi, mo tì í sábẹ́ Bíbélì ìyá mi nínú dúrọ́ọ̀, mo bọ́ bàtà, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Mo gbàdúrà dáadáa. N kò ní fi ìyẹn ṣeré. Nígbà tí mo padà délé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, oòrùn ṣì mú, ìyá mi sì wà nídìí fèrèsé, wọ́n ń retí mi. Kí n tó jókòó rárá ni wọ́n ti ń tọ́ka sí dúrọ́ọ̀. Mo mú fóònù jáde, mo tàn án, mo wá èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà.

“Tí o bá dé Bódìjà,” ni ohùn wọn wí, ohùn olùkọ́ tó dúró níwájú kíláàsì, “má ra ẹ̀wà tí wọ́n kó síwájú. Ojú ayé nìyẹn. Kọjá sẹ́yìn, lọ bá obìnrin tó ní àpá lápá. Sọ pé èmi ni mo rán ọ. Kí ó wọn ẹ̀wà...”

Ojú fóònù dúdú.

Ẹnu ìyá mi ṣì ń lọ. Ó lọ títí dé òpin gbólóhùn náà, láìsí ohùn kankan nínú yàrá.

Mo kọ́kọ́ rò pé bátìrì ló kú. Ẹ ò rí nǹkan? Irọ́ tí mo ti ń pa fún ogún ọdún ni mo gbàgbọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ funfun, nǹkan róbótó kan ń yí lórí rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí. Ó wá ní káàbọ̀. Ó kí mi bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó ní kí n yan èdè tí mo ń sọ. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án síbí kàn án sọ́hùn-ún, ó ní ilé-iṣẹ́ kan ló ni òun, kí n mú ọ̀rọ̀ ìṣílẹ̀kùn wá. Kò sí fọ́tò, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sí ohùn. Ìyá mi na ìka, wọ́n tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ kí ó máa bá a lọ.

N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tú gbogbo rẹ̀ wò lọ́kàn, kò yé mi. Ṣé mo tẹ ohun tí kò yẹ ni? Ṣé ooru inú dúrọ́ọ̀ ni? Mo fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ Ọlọ́run nítorí ohùn, mo délé, èyí tó kù náà tún lọ. Mo bínú sí Ọlọ́run lọ́sàn-án náà. Ẹ jẹ́ kí n má pa irọ́ kún irọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti fóònù náà sí ìsàlẹ̀ àpò, mo gba Dùgbẹ̀ lọ. N kò tíì jókòó tí ọ̀gá wa ti dì mọ́ mi.

“Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ yín lọ́jọ́ Ẹtì ni ọkàn mi ti gbé sókè. Mo mọ̀ pé gbogbo nǹkan yín ló wà nínú ẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá yín nù ún kúrò kíákíá, kí olè má lọ máa fi fọ́tò yín ṣẹ̀sín.”

“Ẹ bá mi nu kí ni kúrò?” ni mo bi í.

Ọkùnrin oní-súwẹ́tà gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Inú rẹ̀ dùn. “Gbogbo ẹ̀, mà. Láti orí kọ̀ǹpútà mi níbí. Olè náà pa á láti ọjọ́ Ẹtì ni, àmọ́ àṣẹ ti wà nílẹ̀ dè é. Bó ṣe tàn án lánàá báyìí, àṣẹ náà nù ún mọ́.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ máa ṣọ́ra o. Mo rí i lórí máàpù. Agbowó ló wà. Olè yẹn ò jìnnà sí yín rárá. Ó tiẹ̀ jọ pé òpópónà yín gan-an ni.”

Gbogbo ọ́fíìsì ké háà. Ẹnìkan ní ẹni tó bá sún mọ́ni ló ń mọ ibi tí nǹkan ẹni wà. Ẹlòmíràn ní kí n kíyè sí àwọn aládùúgbò mi. Mo ronú kan Àlájà, ojú tì mí fún un. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù olè nínú àpò mi, mo ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá wa mú un.

Mo tẹ̀lé ọkùnrin náà lọ sí àtẹ̀gùn. Mo mú fóònù jáde.

Ó wò ó, ó wò mí. “Mà, ẹ ti rí i?”

“Kò sọnù rí.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àdúrà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ohùn ìyá mi. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. “Ẹ ò ṣe sọ pé àdúrà lẹ ń lọ ṣe? Aládùúrà ni ọ̀gá náà. Wọn ì bá ní kí ẹ máa lọ. Wọn ì bá tiẹ̀ ní kí ẹ bá àwọn tan àbẹ́là.”

N kò mọ̀. A ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin, a kò bi ara wa rí.

Ó bi mí bóyá mo tọ́jú àwọn ohùn náà síbòmíràn. Mo ní fóònù kò gbà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun ṣe é tí kò fi ní gbà, kí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ má bàa jò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó wá dá a padà. “Ẹ̀pa ò bóró mọ́, mà.”

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹ kú iṣẹ́,” ni mo wí. Títí di òní n kò mọ ìdí tí mo fi kí i. N kò rí ẹni tí n ó bínú sí. Olóore ni gbogbo wọn, èmi nìkan ni mo purọ́. Kí ọjọ́ náà tó parí, mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa pẹ̀lú. Kò bá mi wí. Ó sunkún, ìyẹn sì burú fún mi ju ìbáwí lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ti wà níbi tí wọ́n máa ń wà, wọ́n sì ti yí àga mi sí bó ṣe máa ń rí. Wọ́n tẹ apá àga lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó. Mo ní, “Màámi, ohùn yín ti lọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi lé e lọ.” Wọ́n ń wò mí. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń ṣàlàyé sọ́fítíwíà fún ìyá rẹ̀ nígbà tí kò yé òun náà. Ètè wọn ti múra sílẹ̀, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe ya ẹnu tèmi nìyẹn. Mo ní n ó sọ ọ́ fúnra mi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. “Tí o bá dé Bódìjà, má ra ẹ̀wà tí wọ́n kó síwájú. Kọjá sẹ́yìn, lọ bá obìnrin tó ní àpá lápá.” Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ó ń dàrú mọ́ mi lẹ́nu. “Sọ pé èmi ni mo rán ọ. Kí ó wọn ẹ̀wà funfun fún ọ.”

Ìyá mi fajú ro. Ìfajúro kíláàsì ni; ó ti tó oṣù mélòó tí n kò ti rí i. Ọwọ́ wọn gbéra kúrò lórí apá àga.

“O... ló... yin.”

Mo ní, “Ẹ̀n?”

“Olóyin,” ni wọ́n wí, inú sì ń bí wọn.

Ọwọ́ mi lọ sínú àpò fúnra rẹ̀, ó ń wá fóònù tí n ó fi gbà á sílẹ̀. Mo rántí ẹni tó ni ín. Mo fà á jáde ní òfìfo, mo fi di ọwọ́ ìyá mi mú.

Láti ìrọ̀lẹ́ náà ni mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní gaàrí nígbà tó jẹ́ ìrẹsì. Mo ní òkúta ni wọ́n fi mọ ilé tí wọ́n fi bíríkì mọ. Obìnrin ti Jẹ́ríkò bi mí irú ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ wọn nílé, torí ọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí i lẹ́nu wọn. Ojú tì mí láti sọ fún un pé irọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá wọn jókòó, mo ní, “Màámi, Challenge mà lẹ bí mi sí, àbí?” Mo ń retí kí wọ́n fi orúkọ àdúgbò tí wọ́n bí mi sí gan-an tún un ṣe.

Wọ́n wò mí títí. Wọn kò fajú ro lọ́tẹ̀ yìí.

“O mọ̀ ọ́n,” ni ìyá mi wí.